Ọkọ̀ Márùn-ún Tó Ń Jẹ́jọ́

Àbúrò mi Dáre pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, bí mo ṣe ń tún ìròyìn ẹlòmíràn ṣe lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì. Kò fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn. "Àǹtí Mojí, àwọn akunlé ti dé o. Wọ́n ní ká kó ẹrù yàrá Bàámi jáde. Kí ni ká ṣe sí àwọn ọkọ̀ yẹn?" Mo ní kó má fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò dára? Wọn ò ṣeé tà, wọn ò ṣeé fi ta èèyàn lọ́rẹ, kòkòrò ti ń jẹ ìdí ọ̀kan. Bàámi gan-an ò rí wọn mọ́." Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ: má fọwọ́ kàn wọ́n, mò ń bọ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo pa ìròyìn tó wà níwájú mi dé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ìbéèrè jẹun. Iṣẹ́ mi ni kí n bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí ojú wọn rí, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí bàbá mi ti ń bi mí láti kékeré, tí n kò tíì fi òótọ́ dáhùn. Orí àwọn ọkọ̀ yẹn ni ìbéèrè náà jókòó sí.

Ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ gùn tẹẹrẹ: ọ̀nà kan láàárín, yàrá mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, ilé ìdáná àti ẹ̀rọ omi lẹ́yìn. Yàrá méjì ló jẹ́ tiwa. Èmi, Dáre àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, là ń sùn nínú èyí tó wà níwájú, níbi tí Bàámi ti ń ṣiṣẹ́ lójúmọmọ. Kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa. Fèrè ọkọ̀ òkun láti èbúté Apapa ni, tó máa ń dún bí ìgbà tí inú bá ń run ẹranko ńlá kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù á bẹ̀rẹ̀ sí í fọn tiwọn, bí wọ́n ṣe ń wọ́ lọ sí Creek Road. Korobá á máa gbá ara wọn nídìí ẹ̀rọ omi. Ìyàwó Bàbá Ekaette, aládùúgbò wa tó jẹ́ ará Calabar, á pariwo láti yàrá kejì pé, "Ekaette! You never baff since?" Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ la ó wá gbọ́ èyí tó jẹ́ tiwa nìkan: ṣàà, ṣàà, ṣàà, sáńpépà Bàámi lára igi. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń fi sáńpépà pa igi, ọkàn mi á kọ́kọ́ balẹ̀. Lẹ́yìn náà á wá fò sókè.

Ọmọ Ìlàjẹ ni Bàámi, àwọn tó ń gbẹ́ ọkọ̀ létí òkun ló bí i. Nígbà tó dé Èkó, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá káfíńtà kan ní Ìjọra, ọ̀gá náà ló sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ tó fi tọ́ wa. Àwọn ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọkọ̀ òkun ní Apapa á gbé àwòrán ọkọ̀ ńlá kan wá bá a, Bàámi á sì fi igi ṣe kékeré rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ kò ju apá àgbàlagbà lọ. Wọ́n á gbé e sínú àpótí gíláàsì níbi tí àlejò máa ń jókòó sí, tàbí kí wọ́n fi dá ọ̀gá atukọ̀ tó fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́lá. Ọmọ ọkọ̀ là ń pè wọ́n nílé. "Ọmọ gbọ́dọ̀ jọ ìyá rẹ̀," Bàámi máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ínṣì kan lára ọmọ dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún lára ìyá. Tí ilẹ̀kùn ọ̀gá atukọ̀ bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lójú òkun, ilẹ̀kùn tọmọ kò ní ju hóró àgbàdo kan lọ. Ara ọkọ̀, láti imú dé ìdí, tépù ló fi ń wọn ìyẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun kéékèèké tó dúró lórí rẹ̀, ilé, ilẹ̀kùn, òpó, ọ̀pá èéfín, rúlà igi pupa kan tí ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó gba òmìnira ló ń lò fún wọn. Rúlà náà kò ní àyè kankan ṣáájú òdo bíi ti ilé ìwé. Etí igi gan-an ni òdo rẹ̀. Àwọn ìlà tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ti pa rẹ́ nítorí ọwọ́ tó ti dì í mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n kò dí Bàámi lọ́wọ́. "Rúlà kì í parọ́," ó máa ń wí. "Ojú ló ń parọ́."

Ọkọ̀ mìíràn wà tí kì í dára. Igi lè là, gọ́ọ̀mù lè wú, ẹni tó ń ṣe é lè ṣì í. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Bàámi ní Ìjọra máa ń ta irú èyí fún àwọn onígbàjámọ̀, tàbí kí wọ́n fún ọmọdé kó máa fi ṣeré nínú gọ́tà, tàbí kí wọ́n fi dáná. Bàámi kì í ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Pẹpẹ kan wà lára ògiri, lókè ibi tí orí wa máa ń wà tá a bá sùn. Kóòtù ló ń pè é. Ọkọ̀ tí kò bá dára, ibẹ̀ ló ń lọ, a sì ní òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á, fi tọrẹ, tàbí jó o, títí Bàámi yóò fi ṣe òmíràn láti inú àwòrán kan náà tó sì dára. Ìgbà náà ló tó mọ ohun tó ṣe ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tú u, yóò yọ okùn àti ìṣó rẹ̀, yóò sì lo igi rẹ̀ fún nǹkan mìíràn. "Ó ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́," ni yóò sọ fún àlejò tó bá béèrè. "Kò tíì sọ tẹnu rẹ̀." Lọ́dún tí nǹkan bá gún régé, kì í ju ẹyọ kan lọ lórí Kóòtù. Ọdún tí mò ń sọ yìí, nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, márùn-ún ló jókòó síbẹ̀.

Èmi ni mo kó wọn débẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni, Màámi ti lọ ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàámi gbé ọmọ ọkọ̀ kan lọ sí ọ́fíìsì ní Creek Road, Ìyá Àgbà sì ń to ẹja sórí iná lẹ́yìn ilé. Ọjọ́ kejì ni ìsìn àwọn ọmọdé, bàtà kánfáàsì funfun mi sì ti pupa. Mo rí agolo ọ̀dà funfun tí Bàámi fi ń kun ilé orí ọkọ̀. Ìdérí rẹ̀ lẹ̀ pinpin. Mo wá ohun tí mo lè fi ṣí i, rúlà ló sún mọ́ mi jù. Mo ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ìdérí, mo tẹ̀ ẹ́. Ìdérí ṣí. Etí rúlà náà sì kán, èyí tó kán kò ju èékánná tá a gé lọ. Mo ti wo Bàámi ṣiṣẹ́ títí, mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí igi tó kán. Mo mú sáńpépà, mo pa á rẹ́ ní ìtẹ̀lé ojú igi bó ṣe kọ́ mi, mo fi fáníṣì díẹ̀ kùn ún, mo dá a padà sáyè rẹ̀. Ó dán. Ó gún. Inú mi tiẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà. Ká ní mo ṣe é jákujàku ni, Bàámi ì bá rí i lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàámi gbé ọmọ ọkọ̀ kan lọ sí Creek Road, ó sì gbé e padà wálé. À ń jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ àwa ará Ìlàjẹ, ó sì ròyìn fún wa bó ṣe lọ. "Ọ̀gá ọ́fíìsì yẹn wò ó yíká. Ó tẹ̀ ba, ó wo ojú ilẹ̀kùn. Ó wá bi mí, 'Káfíńtà, ṣé àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló máa wa ọkọ̀ yìí ni?'" Màámi rẹ́rìn-ín. Dáre rẹ́rìn-ín títí ó fi há a lọ́fun. Bàámi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹun tán. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí kò sí ẹnìkan nínú yàrá, mo mú rúlà oníke tí mo ń gbé lọ ilé ìwé, mo wọn ilẹ̀kùn náà. Ó dín ní ìdámẹ́jọ ínṣì. Mo gbé rúlà Bàámi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdámẹ́jọ ínṣì, tó túmọ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà méjì lójú òkun. Gbogbo ohun tó bá wọ̀n láti etí rúlà yẹn ló máa dín ní iye kan náà. Lórí ohun gígùn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lórí ilẹ̀kùn, ọ̀gá atukọ̀ á ní láti rákò wọ yàrá rẹ̀.

Kí ló dé tí n kò sọ? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí bí mo ṣe máa ń bi ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bára mu. Bàámi kì í na ọmọ. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan lọ, nítorí pé ó fi ṣísẹ́lì ṣí ìdérí ìgò. Kò pariwo. Ó kó aṣọ ọmọ náà sínú báàgì fúnra rẹ̀, ó dè é lẹ́nu, ó ní, "Ẹni tí kò bọ̀wọ̀ fún irinṣẹ́ kò ní bọ̀wọ̀ fún èèyàn." Mo ti ń fojú inú wo báàgì tèmi. Mo sì sọ fún ara mi pé á rí i fúnra rẹ̀, pé lọ́la ni, pé lọ́tùnla ni.

Kò rí i. Ó ṣe èkejì, ó dín. Ó gbé e sí Kóòtù. Ó ṣe ẹ̀kẹta. Ọ̀gá Creek Road kò ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn ní kó gbé e padà. Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó níwájú pẹpẹ lẹ́yìn iṣẹ́, á máa wò wọ́n. Rúlà ní wọ́n pé, gbogbo ayé ní wọn kò pé. Ó wá gbà pé ìlà rúlà ni ojú òun ń kà sódì. Lọ́jọ́ kan ó pè mí. "Mojí, wá. Ojú tìrẹ ṣì mọ́. Ka èyí fún mi." Ó gbé rúlà náà ti ilé orí ọkọ̀. Mo tẹ̀ ba, mo kà á. "Ìdajì ínṣì ni, Bàámi." Ó ní, "Ó dá ẹ lójú?" Mo ní, "Ìdajì ló wà níbẹ̀." Òótọ́ ni mo kà. Ohun tí rúlà wí ni mo sọ. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ohun tí èmi náà rí nìyẹn. Kì í wá ṣe ojú nìkan. Ọwọ́ náà ti ń lọ." Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé èèyàn lè sọ ohun tó rí gẹ́lẹ́ gẹ́lẹ́, kó sì fi pa irọ́ ńlá.

Àdúrà òwúrọ̀ ló wá di ibi tí mo ń bẹ̀rù jù. A ó kúnlẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì ká, Màámi á gba àdúrà fún ilé ìwé wa, fún ọjà rẹ̀, fún ara Ìyá Àgbà, lẹ́yìn náà á ní, "Olúwa, ojú bàbá àwọn ọmọ yìí. Má jẹ́ kí ojú rẹ̀ kú mọ́ ọn lórí." Gbogbo ilé á ní "Àmín." Tèmi kì í fẹ́ jáde. Lọ́jọ́ kan Dáre gbún mi níhà, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò ṣàmín!" Màámi la ojú, ó wò mí, mo ṣe é ní àṣejù: "Àmín! Àmín o!" Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó gba òróró wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi í ra ìpéǹpéjú Bàámi kó tó jókòó síṣẹ́, Bàámi á sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kó má bàa kán sórí igi. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ gbà pé orí ẹja ni oúnjẹ ojú. Gbogbo orí ẹja tó wọ ilé wa lọ́dún náà, inú abọ́ Bàámi ló ń lọ. Dáre sunkún. Ìyá Àgbà dá a lóhùn pé, "Ojú tìẹ ńkọ́, ṣebí o fi rí i pé ẹja wà?"

Mo bi Màámi léèrè lóṣù tó kọjá, pẹ̀lú ìwé àti gègé lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà. Ó kọ́kọ́ ní, "Ṣé èmi náà ti di ìròyìn ni?" Lẹ́yìn náà ó sọ pé, "Mo rò pé wọ́n ti ń fọ́jú ni. Tí mo bá ń lọ sọ́jà, màá wo títì Creek Road, màá wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, màá máa ronú bí mo ṣe máa fa bàbá yín lọ́wọ́ kọjá. Mi ò sọ fún ẹnì kankan." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Mi ò lè gbójú sókè.

Ẹ̀karùn-ún ni Bàámi fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Nígbà tó parí, ó gbé e sórí tábìlì, ó rìn yí i ká, ó ní, "Ó ti fì. Ọ̀pá èéfín yìí ti fì sápá kan." Màámi ní, "Kò fì, Bàbá Mojí. Ó dúró ṣinṣin." Bàbá Ekaette yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó ní ó dára gan-an. Bàámi tún rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé e sí ìpẹ̀kun Kóòtù, ó sì ní kí Bàbá Ekaette wọlé jókòó. Kírikírì ni ọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ kéékèèké ti ń já ẹrù, ó sì ti sọ lẹ́ẹ̀mejì pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ géètì. Bàámi béèrè bóyá àyè ṣì wà. Bàbá Ekaette ní, "E dey. Káfíńtà, na only gate you go dey open. Gate no get inches." Ó rò pé àwàdà náà á dùn. Bàámi mi orí, ó ní ọjọ́ Ajé lòun á bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Sátidé lòun á gbé àpótí irinṣẹ́ òun lọ fún ẹnìkan ní Ìjọra tí ojú rẹ̀ ṣì dáa.

Màámi wá béèrè ohun kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jó àwọn ọkọ̀ náà. "Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń jókòó síwájú wọn. Wọ́n ń jẹ yín lójú." Ìyá Àgbà gbé orí sókè. "Jó wọn kẹ̀? Ṣé ẹjọ́ wọn ti parí?" Màámi fèsì pé, "Ìyá, adájọ́ ló ń fiṣẹ́ sílẹ̀ yìí. Ta ló kù tó máa dá a?" Gbogbo wa wo Bàámi. Ó ní, "Ẹ ṣe é bí ẹ bá ṣe fẹ́." Inú mi dùn. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn gidigidi. Ọkọ̀ márùn-ún yẹn ló mọ̀ mí. Bí mo bá sùn, orí mi ni wọ́n wà. Tí wọ́n bá jóná, kò ní sí ẹlẹ́rìí mọ́, mo sì rò pé ẹ̀rù náà á bá èéfín wọn lọ.

Òwúrọ̀ Sátidé náà mọ́ rokoṣo. Àpótí irinṣẹ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Bàámi ti de okùn mọ́ ọn. Màámi dáná lẹ́yìn ilé, ó gbé ìkòkò ẹ̀wà lé e, ó ní kí n máa kó wọn wá. Mo wọlé. Mo wo márààrún. Mo na ọwọ́ sí èyí tó wà ní ìpẹ̀kun, ẹ̀karùn-ún, mo gbé e jáde, mo sọ ọ́ sínú iná. Fáníṣì ara rẹ̀ gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn rẹ̀ rọ bí irun. Ilé kékeré náà, pẹ̀lú fèrèsé rẹ̀ tí Bàámi fi abẹ́rẹ́ lu, mọ́lẹ̀ láti inú bí ìgbà tí wọ́n tan iná síbẹ̀, ó wá wó. Mo gbójú sókè, mo rí Bàámi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ bo ojú kan, ó fi èkejì wo iná, ó wá pàrọ̀ ọwọ́, ó tún wò. Ó ń dán ojú rẹ̀ wò lórí iná ọkọ̀ rẹ̀. Mo padà wọlé lọ gbé èkejì. Ìyá Àgbà wà lórí àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, "A kì í jó ẹni tó ń jẹ́jọ́. A kì í jó o." Mo gbé ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Bàámi. Mo kúnlẹ̀.

"Bàámi, rúlà ni."

"Rúlà wo?"

"Rúlà yín ló kúrú. Èmi ni mo ṣẹ́ ẹ. Mo fi ṣí ọ̀dà."

Màámi ní, "Kí lo wí?" Bàámi wọlé lọ sídìí àpótí irinṣẹ́. Ó tú okùn àpótí, ó mú rúlà jáde, ó fi àtàǹpàkò yí etí rẹ̀ po. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú rúlà ilé ìwé mi wá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé mẹ́rin tó kù yí ara rẹ̀ ká, ó ń wọn ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìdámẹ́jọ," ó wí. Ó mú èkejì. "Ìdámẹ́jọ." Ẹ̀kẹta. "Ìdámẹ́jọ." Nígbà tó dé ẹ̀kẹrin, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó fẹ́ẹ̀ jọ ẹ̀rín. "Ojú tó ń kú kì í ṣì í lọ́nà kan ṣoṣo. Ìyá Mojí, wá wò ó, gbogbo wọn ló dín bákan náà!" Màámi ti jókòó sílẹ̀, ó da ìró borí. Bàámi yíjú sí mi. Mo ti ń wo ibi tí báàgì máa ń wà. Ó gbé etí rúlà sún mọ́ mi. "Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń pa igi rẹ́ báyìí?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni." Ó mi orí. "Ó dán," ó ní. "Ó dán jù." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lé mi, kò nà mí. Àpótí irinṣẹ́ padà sí àyè rẹ̀, Bàbá Ekaette sì lọ sọ fún wọn ní Kírikírì pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàámi jáde lọ sídìí iná tó ti kú. Ó fi igi tú eérú. Ó rí ìṣó méjì. Ó pè mí. "Mojí, ìwọ lo gbé ẹ̀karùn-ún. Rúlà kúkurú lè mú kí ọkọ̀ kéré. Kò lè mú kó fì. Èmi rí i pé ó fì, ìyá rẹ ní kò fì. Ìwọ tó gbé e dání, ó fì àbí kò fì?"

Mo ní, "Kò fì, Bàámi."

Ó ṣe ọkọ̀ kẹfà láàárín oṣù kan, pẹ̀lú rúlà tuntun. Ọ̀gá Creek Road wo ojú ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n, àwọn àgbàlagbà ti wọlé." Bàámi tún ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Iṣẹ́ náà ló rán èmi àti Dáre nílé ìwé. Gẹ́gẹ́ bí òfin ilé wa, ó yẹ kó tú àwọn mẹ́rin yẹn, kò tú wọn. Ẹjọ́ kò tíì parí, ó ní ẹlẹ́rìí kan kò sí mọ́. Ó tún bi mí ní ìbéèrè yẹn nígbà tí mo ń lọ sí ilé ìwé gíga. Ó bi mí ní àárọ̀ ìgbéyàwó mi, bó ṣe ń tún gèlè mi tò. Ó bi mí lọ́dún tí dókítà sọ fún un pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí ojú rẹ̀ mọ́. Ìdáhùn kan náà ni mo fún un. Mo lọ bá Bàbá Ekaette, ó ti darúgbó, ó ṣì wà ládùúgbò, mo bi í bóyá ọkọ̀ náà fì lójú tirẹ̀. Ó wò mí títí. "My pikin, I no look the ship. Na your papa face I dey look."

Mo dé ilé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn. Àwọn akunlé jókòó síta, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Dáre dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan. Bàámi wà nínú yàrá iwájú, ó dúró níwájú Kóòtù, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí pẹpẹ. Ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti imú dé ìdí, ó ń ka ilẹ̀kùn wọn pẹ̀lú èékánná. Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó lọ síwájú, sí ibi tí kò sí nǹkan kan, ó sì sinmi síbẹ̀.

"Mojí lo dé yẹn?"

"Èmi ni, Bàámi. Ẹ kú ilé."

"Dáre fẹ́ mọ ohun tí a ó ṣe sí wọn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ní kó dúró dè ọ́." Kò yíjú sí mi, kò sì bi mí ní ìbéèrè náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti Apapa. Mo rántí ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ Sátidé yẹn, ìdí tí ọwọ́ mi fi kọ́kọ́ lọ sí ìpẹ̀kun pẹpẹ, tí mo fi gbé ẹ̀karùn-ún ṣáájú gbogbo ìyókù. Mo mọ̀ pé rúlà ló ba mẹ́rin yòókù jẹ́, òun nìkan ni n kò mọ ohun tó ṣe é. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí.

"Ó fì, Bàámi," mo wí. "Ọ̀pá èéfín rẹ̀ fì."

Dáre wò mí láti ẹnu ọ̀nà.

"Sápá wo?" Bàámi béèrè.

"Apá òsì."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tí ìwọ̀n bá bọ́ sí i. "Ojú òsì mi ló kọ́kọ́ lọ," ó ní. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí àyè tó ṣófo náà, ó na ọwọ́ sí mi, mo sì dì í mú. Ó ní kí Dáre pe àwọn akunlé wọlé, kí wọ́n wá kun ògiri. Ó ní kí n bá òun tú àwọn mẹ́rin tó kù, kí n rọra ṣe okùn wọn, nítorí ó ṣì lè wúlò.